Pàǹtírí Àjàkálẹ̀ Àrùn Kì Í Ṣe Ẹrù Ará Ìgbátòrò Nìkan

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́lé sí ẹ̀bá ààtàn kì í ṣe ààtàn, ọmọ tí ó sì ń fa omi kànga níbẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú pé òun yóò máa gba ẹ̀gbin gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ ààtàn ìjọba tí ó wà ní òpópónà Ìgbátòrò, nílùú Àkúrẹ́, ni a fẹ́ sọ, a ó sì gbà á láti ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé, ìyẹn ìbomú, ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ àti ike tí àrùn Kòrónà fi sílẹ̀ fún wa.

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni àrùn náà kọ́kọ́ fojú hàn ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 2, oṣù keje, ó ti mú Dókítà Wahab Adegbenro, kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera, lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò, nígbà náà, pé à ń bá àwọn tí wọ́n ní kí a bo imú wí. Bí kò bá sí ìbomú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, òkú tí à bá sin ìbá pọ̀ ju èyí lọ. Ohun tí à ń wí ni pé nígbà tí gbogbo ayé ń sáré ra nǹkan wọ̀nyí, díẹ̀ ni ẹni tí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọn yóò sùn sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kéde ní oṣù kejì ọdún 2022 pé nǹkan bí 87,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò ìdáàbòbò ni a kó ránṣẹ́ sí àwọn orílẹ̀-èdè nípasẹ̀ ètò pàjáwìrì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láàárín oṣù kẹta ọdún 2020 àti oṣù kọkànlá ọdún 2021, àti pé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni yóò ti di pàǹtírí. Èyí tí èmi àti ìwọ fi owó ara wa rà ní Ọjà Ọba kò sí nínú ìṣirò yẹn. Àjọ náà tún sọ pé nínú ilé ìwòsàn 10 káàkiri ayé, 3 ni kò ní ohun tí wọ́n lè fi bójú tó pàǹtírí tí wọ́n ń dá, kí a tó wá sọ ti èyí tí Kòrónà fi kún un. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìṣẹ́ ti pọ̀ jù, 6 ni.

Ìbomú aláwọ̀ búlúù tí a mọ̀ yẹn kì í ṣe òwú. Ike ni, tí wọ́n fà ní tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, kò sì mọ bí a ti ń jẹrà. Òjò a gbá a láti inú gọ́tà bọ́ sínú odò Àlà, oòrùn a gan án, a máa já wẹ́wẹ́ títí ojú kò fi ní rí i mọ́, síbẹ̀ kò tán. Bí iná bá sì ràn mọ́ ọn lórí ààtàn, kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ó péye fún sísun pàǹtírí ilé ìwòsàn ní láti gbóná tó 850 digirii Celsius, ó kéré tán. Iná tí ń rú túú lábẹ́ pàǹtírí tútù kò sún mọ́ ọn, èéfín tí ń jáde lára oríṣiríṣi ike tí a sun báyìí a sì máa gbé májèlé dioxin, tí ó ń fa jẹjẹrẹ, dání. Kì í ṣe fèrèsé àwọn tí ń ṣe òfin ní Alágbàká, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, ni èéfín ààtàn ń gbà wọlé.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni àwọn tí ń ṣa ike, irin àti páálí lórí ààtàn. Ìlú ń wò wọ́n bí aláìníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń dín òkè pàǹtírí kù láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Bí ilé ìwòsàn tàbí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan bá di abẹ́rẹ́ tí ó ti lò mọ́ ìdọ̀tí yòókù nínú ọ̀rá, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ni yóò gbà á. WHO sọ pé nínú 100 ènìyàn tí abẹ́rẹ́ tí a fi gún alárùn hepatitis B bá tún gún, nǹkan bí 30 lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ náà. Àjẹsára rẹ̀ wà, kì í ṣe nǹkan tuntun. A kò tíì gbọ́ ọjọ́ tí wolé-wolé gbé e lọ sí ààtàn.

Ẹlòmíràn lè ní Kòrónà ti lọ, WHO fúnra rẹ̀ ti fòpin sí ìkéde pàjáwìrì ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, kí ni a tún ń pa kúbẹ́kúbẹ́ sí? Ẹni bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ibà Lassa. Ìpínlẹ̀ Òǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára àwọn tí ibà náà ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ kì í fi í rójú. Ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò tí a fi tọ́jú aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti gba ibì kan lọ. Eku ni ó sì ń gbé ibà yìí kiri. Ibi tí a bá da pàǹtírí sí ni eku ti ń rí oúnjẹ.

Ní ọdún 1988, nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ti kó májèlé láti Ítálì wá tọ́jú sí àgbàlá ẹnìkan ní Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́, gbogbo Nàìjíríà ló bínú, ìjọba sì ṣe òfin lọ́dún náà gan-an láti fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá tún dán an wò. Ìbínú náà tọ́. Àmọ́ kí ló dé tí ohùn wa fi ń lọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ pé àwa fúnra wa ni a ń kó ẹ̀gbin lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó láti kó kúrò níbẹ̀?

Èrò tiwa ni pé ẹni tí ó bá dá pàǹtírí ilé ìwòsàn ni kí ó sanwó píparun rẹ̀, kí ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó sì kà á léèwọ̀ pátápátá pé kí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí ó lè kó àrùn ranni dé Ìgbátòrò láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ pa kòkòrò inú rẹ̀. Àwọn onílé ìwòsàn kéékèèké yóò ní owó rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Kò ní pọ̀ tó bí wọ́n ti rò, nítorí WHO fi yé wa pé nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 péré ni ó léwu nínú pàǹtírí ilé ìwòsàn. Dída gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ó ń sọ ìyókù di eléwu. Bí nọ́ọ̀sì bá ti yà á sọ́tọ̀ nínú yàrá ìtọ́jú, ọkọ̀ kan péré tí ìjọba ṣètò lè máa yí ká, kí ó gba ti ilé ìwòsàn púpọ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ kan náà, kí wọ́n pín owó rẹ̀ san. Owó yìí ń jáde lónìí náà. Ara àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ààtàn ni a ti ń san án.

Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbé àjẹsára hepatitis B àti ti àrùn ipá (tetanus) lọ bá àwọn tí ń ṣa ike níbi iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀wọ́ tí abẹ́rẹ́ kò lè tètè gún já. Kí a sì yẹ omi kànga àdúgbò náà wò ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò, kí a ka èsì rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ń mu ún, ní èdè Yorùbá, ní gbangba àdúgbò wọn.