Edé kọ́ ló ń fa wàhálà abẹ́rẹ́ síkáànì

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri pé ẹni tí edé tàbí akàn kò bá lára mu kò gbọdọ̀ gba kọ́ńtíráàsì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan kí àwòrán síkáànì CT lè hàn kedere, nítorí pé áyódíìnì wà nínú méjèèjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Lóòótọ́ ni áyódíìnì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ara ń bá jà. Purotéènì inú ẹran edé, tí wọ́n ń pè ní tropomyosin, ni. Áyódíìnì wà nínú iyọ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tí edé ń yọ lẹ́nu náà sì ń jẹ ẹ́ láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí ó lè mú kí aláìsàn sá fún àyẹ̀wò tó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́ ni bí kọ́ńtíráàsì fúnra rẹ̀ bá ti mú kí ara yín lé, kí ojú yín wú tàbí kí èémí há yín rí. Ewu tó tóbi jù nìyẹn. Bí ẹ bá mọ orúkọ oògùn náà, ẹ dárúkọ rẹ̀, torí wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún lè fún yín ní prednisone 50 mg nígbà tó bá ku wákàtí 13, 7 àti 1 kí wọ́n tó fa kọ́ńtíráàsì náà, pẹ̀lú diphenhydramine; oògùn tó ń dín irú ìjà ara bẹ́ẹ̀ kù ni méjèèjì. Dókítà ló ń kọ ọ́ o, ẹ má lọ dá a rà ní kẹ́mísì. Àwọn oògùn yìí náà kì í dènà gbogbo wàhálà ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí adrenaline, ìyẹn oògùn pàjáwìrì tí wọ́n ń lò bí ara bá ń bá oògùn jà gidigidi, fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí.