Èsì wa sí ríviù "Kò ní òórùn kankan, ọsàn jíjẹrà ni wọ́n kó fún mi"

Ẹ ṣeun fún ríviù yín ma. Gbangba lẹ ti sọ ọ́, gbangba náà la ó ti dáhùn.

Ẹ ní páàkì èròjà tí wọ́n ń sè kí ilé lè ta sánsán tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ò ṣiṣẹ́, àti pé nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta ọsàn inú ẹ̀ ti bu. Ọsàn tiwa kẹ̀! Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá lẹ ra ọjà, àárọ̀ ọjọ́ 5 ló kúrò lọ́dọ̀ wa ní Peckham. Àbúrò mi obìnrin ló dì í, òun náà ló gé ọsàn yẹn pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó tò ó sínú ófùnù ní bíi 95°C fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin títí tí kò fi sí omi lára ẹ̀ mọ́. Ọsàn tó gbẹ báyẹn, tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, kì í ṣàdédé bu. Ẹ jẹ́ ká jọ wo fótò tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé síbẹ̀: ọsàn inú ẹ̀ ti rin gbindin, inú ìkòkò ló wà, lórí kúkà. Ẹ ti sè é nìyẹn, ẹ wá fi omi ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kẹta nínú ilé tí híítà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọbẹ̀ gan-an á kan! A kọ ọ́ sẹ́yìn páàkì pé tó bá ti tutù kí ẹ bò ó kí ẹ gbé e sí fíríìjì.

Ti òórùn ńkọ́? Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ẹ gbé iná sókè kó lè yá, ẹ sì tan fáànù tó ń fa èéfín lókè kúkà. Ma, iṣẹ́ fáànù yẹn ni kó kó òórùn síta, àwọn tó ń kọjá ní títì ló gbádùn owó yín. Òróró ara èèpo ọsàn, kànáfùrù àti sínámónì ló ń bá ooru omi jáde, díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa jáde, tí ẹ bá wá ń hó o bí ẹni ń se ṣàkì, kíá ló máa tán, omi á gbẹ, ìkòkò á jó. Ìkòkò tó jó yẹn náà, a ò mọ bó ṣe kàn wá, ẹ ní ẹ lọ mú àwọn ọmọ ní síkúùlù nígbà tó wà lórí iná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, iná kékeré o, kí omi kàn máa mì, tó bá ń fà ẹ fi omi gbígbóná inú kẹ́tùlù kún un, tẹ́ ẹ bá ń jáde ẹ pa á. Òórùn tiwa kì í ṣe bíi ti ẹ̀rọ olóòórùn tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gúnni nímú, ẹni tó bá jókòó ti tiwa imú ẹ̀ á ti mọ́ ọn lára, ẹni tó bá wọlé láti inú òtútù ló máa sọ fún yín.

Ti páálí tó tẹ̀ tí ẹ tún mẹ́nu bà, ìyẹn kan àwọn tó ń gbé ẹrù.

Owó yín ò lè padà torí ẹ ti lò ó. Ṣùgbọ́n a máa fi páàkì míì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, a ò ní gba owó pósì, a tiẹ̀ máa fi igi sínámónì méjì lé e. Àbúrò mi ní òun máa kọ ìlànà ẹ̀ sórí ìwé lọ́tọ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, bóyá lọ́tẹ̀ yìí ẹ máa kà á.