Ibi Pẹlẹbẹ La Ti Ń Mú Ọ̀ọ̀lẹ̀ Jẹ

Ẹni tó bá ti jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ tí wọ́n fi ewé sè rí mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí. Tí a bá tú ewé ara rẹ̀, a óò rí ẹ̀gbẹ́ kan tó fẹ́lẹ́, tó ti tutù, tó rọrùn láti gé sẹ́nu. Àárín rẹ̀ ló ki, ibẹ̀ ni ooru sì sá pamọ́ sí. Ọ̀kánjúwà tó bá ti àárín bẹ̀rẹ̀ á jó lẹ́nu, á tu oúnjẹ dànù, á wá máa ráhùn pé ọ̀ọ̀lẹ̀ yìí ò dáa. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ibi tó ti mú un ni kò dáa.

Ẹ̀jẹ́ tí àwa èèyàn ń jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ló mú mi rántí òwe yìí. Ìsìn àìsùn ò tíì túká tí ẹnì kan á ti ní: "Lọ́dún yìí, kílò 20 ni mo fẹ́ jò. Aago márùn-ún ìdájí ni màá máa jí sáré. Mi ò sì ní fẹnu kan iyán mọ́." Ọdún á wọlé, ẹ óò rí wọn lójú títì Adó Èkìtì pẹ̀lú kánfáàsì tuntun. Kí oṣù Kejì tó parí, kánfáàsì ti di èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sọ́jà. Àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ kì í jí laago márùn-ún fún ọjọ́ kan ṣoṣo, áḿbọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì. Àárín ọ̀ọ̀lẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tilẹ̀ wo oṣù tí à ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kìíní ni ọyẹ́ ń mú. Ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè àti Ìkéré, àwọn òkè á ti wọ inú kùrukùru, ètè á bẹ́, eruku á kún imú. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò sáré láti bí ọdún mẹ́wàá fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ dán an wò rárá. Kó ṣe tirẹ̀ nínú ilé títí eruku á fi rọlẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà lè fi í sí ìrọ̀lẹ́. Ta ló sọ pé ìdájí nìkan ni ara ń gba ìdárayá?

Pápá ìṣeré ńlá tó wà l'Adó ń jẹ́ orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó gba fàdákà fún Nàìjíríà nínú eré ìje 4x100 mítà ní Barcelona lọ́dún 1992. Ìṣẹ́jú àáyá 37.98 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni gbogbo ayé rí. Àwọn ọdún tí wọ́n fi sáré lórí pápá tí ẹnikẹ́ni ò wá wò wọ́n, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Nítorí náà ló ṣe ń rọrùn fún wa láti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ẹlòmíì parí sí.

Ibi pẹlẹbẹ tèmi lè má jẹ́ tiyín. Àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ní Ìjerò tàbí Ọ̀tùn ti ń ṣe ju ohun tí dókítà máa ní kó ṣe lọ. Omi mímu àti ìsinmi ni ká gbà á nímọ̀ràn. Ìyá tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba lè rìn yí ọjà po lẹ́ẹ̀kan kó tó pàtẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba lọ̀rọ̀ kàn jù. Ọ̀kadà gbé e lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, orí àga ló sì wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bó bá jẹ́ Adó ló wà, kó ní kí ọlọ́kadà já òun sílẹ̀ ní Fájuyì, kó fẹsẹ̀ rin ìyókù dé Òkèṣà. Kò gba kánfáàsì tuntun, kò gba owó jíìmù, kódà owó ọ̀kadà á dín.

Ẹlòmíì á ní kí ni ìrìn kékeré yẹn fẹ́ ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n, irú bíi kí èèyàn máa rìn kánmọ́kánmọ́. Ẹ pín 150 sí ọjọ́ méje, kò pé ìṣẹ́jú 22 lójúmọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní èyí tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò wọ ìṣirò. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà náà ṣe lọ́dún 2020, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Ní báyìí, ìrìn láti Fájuyì dé Òkèṣà wà nínú ìṣirò, àtẹ̀gùn tí ẹ gùn náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ iyán. Ẹni tó bá búra ní Èkìtì pé òun ò ní jẹ iyán mọ́, ta ló ń tàn jẹ? Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí ìnáwó bá wà, wọ́n á gbé e wá síwájú rẹ̀, á sì di ẹni tó da májẹ̀mú. Àwọn bàbá wa jẹ iyán, wọn ò sanra bọ̀kọ̀tọ̀, torí ebè ni wọ́n kọ láti àárọ̀ kí iyán tó délẹ̀. Àwa ń jókòó láti àárọ̀, a wá ń jẹ iye tí àwọn tó kọ ebè jẹ, laago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní Sweden lọ́dún 2020, tó tẹ̀ lé èèyàn tó lé ní 1,000 fún ọdún kan, fi hàn pé nínú àwọn tó pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe, nǹkan bí 59 nínú 100 ló ní àwọn ṣàṣeyọrí. Nínú àwọn tó pinnu ohun tí wọn ò ní ṣe mọ́, nǹkan bí 47 ni. Ẹ gbé ẹ̀jẹ́ "mi ò ní" jù sílẹ̀. Ẹ ní: "Ọ̀sán ni màá máa jẹ iyán mi, ìdajì ohun tí mò ń jẹ tẹ́lẹ̀, màá fi ẹ̀fọ́ dí ibi tó kù, màá sì rìn díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀." Ìrìn lẹ́yìn oúnjẹ máa ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ìyẹn sì tó ìdí fún ẹni tí àtọ̀gbẹ wà nínú ìdílé rẹ̀.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwọn olùwádìí ní University College London ní kí èèyàn 96 mú ìṣe tuntun kan ṣoṣo, kí wọ́n máa ṣe é lójoojúmọ́. Ìṣirò wọn ni pé ọjọ́ 66, ní ìpíndọ́gba, ló ń gba ìṣe tuntun kó tó mọ́ èèyàn lára. Ti ẹlòmíì jẹ́ 18, ti ẹlòmíì á tó 254. Omi mímu tètè mọ́ wọn lára ju ìdárayá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìṣe tó rọrùn yá ju èyí tó le. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ni yóò kà á dé 66. Ẹ wá wò ó: oṣù Kejì ni ọ̀pọ̀ ń dáwọ́ dúró, nígbà tó kù díẹ̀ kí ara gbà.

Ìwádìí yẹn kan náà ní ọjọ́ kan tí èèyàn bá fò kò ba nǹkan jẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó fo ọjọ́ kan, kó bojú wẹ̀yìn kó rí ohun tó gbé òun ṣubú: ṣé ìsìnkú ni, ṣé aago tó yàn ni kò bá a mu? Kó tún un ṣe, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ láàrin wa ni pé a fo Mọ́ńdè, a ní ọ̀sẹ̀ yẹn ti bàjẹ́, a sún un di oṣù tó ń bọ̀.

Ara náà tún máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, itan á máa ro, ẹlòmíì á ti sáré lọ ra oògùn ibà. Kì í ṣe ibà. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń kérora, á sì lọ. Ìwọ̀n kílò náà lè má yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ agbára ti ń wọlé. Ẹni tó ń gun òsùwọ̀n láràárọ̀ ń wá ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀ ni.

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún, kó wọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kó tó fi eré sísá kún ìrìn. Bí ó bá ń fi 140/90 hàn lemọ́lemọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ló kàn. Ẹni tí àyà ń dùn nígbà tó ń rìn, kó dúró lójú ẹsẹ̀, kó lọ sílé ìwòsàn, kó má ṣe gba àmọ̀ràn lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí ìrìn bá ti wá di ohun tí ẹ ń ṣe láìrò ó, nígbà náà ni kí ẹ fi iṣẹ́ agbára kún un lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, ẹ máa fọwọ́ ti ògiri, ẹ tẹ̀ síwájú kẹ́ ẹ tún ti ara yín padà. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí omi lítà 5 kún inú rẹ̀ wúwo tó kílò 5; méjì rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lò fún oṣù mélòó kan, ẹ sì lè da omi rẹ̀ kù bó bá wúwo jù.