Ẹ Má Fá Odò Lórí Kodoro

Odò tó ń rọra ṣàn kì í ṣe gọ́tà. Síbẹ̀, bí ẹni ń kó gọ́tà ni ọ̀pọ̀ ìjọba ṣe ń tún un ṣe: katakata á dé, á ha koríko àti ẹrẹ̀ láti bèbè kan dé èkejì, wọ́n á ní odò ti mọ́. A ò fara mọ́ ọn. Inú koríko yẹn ni ẹja wẹ́wẹ́ ń gbé. Ara ewé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lẹ ẹyin mọ́, ibẹ̀ náà ni ọmọ wọn ń sá sí bí ẹja ńlá bá dé.

Ẹ wo ẹja Rhodeus amarus tó wà nínú àwọn odò Yúróòpù, tí kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Tí àsìkò ẹyin bá tó, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọ gbọọrọ nídìí abo. Òun ló ń tì bọ inú ẹ̀dá oníkarahun kan, tí karahun rẹ̀ pín sí méjì, tó rì sínú ẹrẹ̀, ẹyin á bọ́ síbi tí ẹ̀dá náà fi ń mí. Ibẹ̀ ni ẹyin á ti pa, ọmọ kò sì ní jáde títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Bí katakata bá ti kó oníkarahun yẹn sórí bèbè, ẹja yìí kò ní ibòmíràn tó lè yé sí.

Koríko tí wọ́n gé tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú omi náà ń pa ẹja. Bó ṣe ń jẹrà ló ń gba ọ́síjìn inú omi, ẹrẹ̀ tí wọ́n rú sókè ń gbà á pẹ̀lú, ó tún ń bo ẹyin mọ́lẹ̀. Ìdájí ló ń le jù, torí ewéko kì í pèsè ọ́síjìn lóru.

Lóòótọ́, omi gbọ́dọ̀ ráyè kọjá kó má baà ya wọlé àwọn èèyàn. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà kan láàárín odò ti tó. Omi tó gba ojú kan á yára, á máa gbá ẹrẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn aláṣẹ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe pé ìdá kan nínú mẹ́ta koríko, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ kù. Bèbè tí wọ́n bá gé lọ́dún yìí, wọn ò ní fọwọ́ kàn án lọ́dún tó ń bọ̀. Abẹ kò sì gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀ odò. Kí iṣẹ́ má bọ́ sí àsìkò tí ẹja odò náà ń yé. Kí wọ́n to koríko sétí omi fún ọjọ́ kan, kí ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀ lè rá padà, kí wọ́n fọwọ́ ṣa oníkarahun sínú omi, kí wọ́n tó kó ìyókù jìnnà.

Kí wọ́n má sì fi ìwọ̀n koríko tí wọ́n kó san owó iṣẹ́. Ẹni tí ẹ bá ń sanwó fún bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹ́ ewé kan kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, kí ẹnì kan fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn omi. Tó bá ti wálẹ̀ ju mílígíráàmù 3 nínú lítà kan, tàbí tí ẹja bá ń ya ẹnu lójú omi, kí katakata dúró.