Àtúnṣe: Leicester City kò fi oríire gba ife-ẹ̀yẹ Premier League ilẹ̀ England ní 2016

Láti Lágere dé Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù: "Leicester kàn ṣe kòńgẹ́ oríire ni. Ẹgbẹ́ tí kì í di bọ́ọ̀lù mú kò mọ bọ́ọ̀lù gbá." Ẹ̀yin ará, irọ́ ni.

Ìdíje 38 ni wọ́n gbá ní sáà yẹn. Wọ́n borí nínú 23, wọ́n gbá ọ̀mì 12, 3 péré ni wọ́n pàdánù. Àmì 81 ni wọ́n ní. Arsenal tó ṣe ipò kejì ní 71. Oríire wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Lóòótọ́, alátakò ló sábà máa ń di bọ́ọ̀lù mú jù wọ́n lọ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ẹ tún ìdíje wọn pẹ̀lú Liverpool ní oṣù kejì 2016 wò: Mahrez, agbábọ́ọ̀lù Leicester, gba bọ́ọ̀lù ní ìdajì pápá tiwọn, ó sọ ọ́ síwájú gbọọrọ. Vardy, atamátàsé wọn, ti gbéra. Kò dá bọ́ọ̀lù náà dúró rárá, ọ̀nà jíjìn ló ti gbá a, ó gba orí aṣọ́lé kọjá sínú àwọ̀n. Mo ṣì máa ń dìde lórí àga tí mo bá rí i!

Ìwọ̀n eku sì nìwọ̀n ìtẹ́. Mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn ni wọ́n fi ra Vardy. Owó Mahrez kò tó ìyẹn. Ipò 14 ni wọ́n wà ní sáà tó ṣáájú. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ yín.

Ẹni tó bá fi irọ́ yẹn ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn òǹkà yìí dá a lóhùn.