Ẹwà Nìkan Kọ́ Ni Ingrid Bergman Fi Jẹun

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Ingrid Bergman, òṣèrébìnrin ará Swídìn, ojú rẹ̀ nínú fíìmù Casablanca ni wọ́n máa ń gbé síta: fìlà tó ṣíji bo iwájú orí, omijé tó lé ròrò. Ó rẹwà, ta ló jiyàn? Àmọ́ lójú tèmi, etí rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Èdè márùn-ún ló fi ṣeré: Swídìn, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì, Ítálì, Faransé. Méjì péré ló bá nílé.

Stockholm ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ọmọ Jámánì ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà kú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ṣùgbọ́n ọmọ máa ń lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá ní Hamburg. Èdè tó mú bọ̀ níbẹ̀ ló fi ṣe fíìmù kan ní Jámánì ní 1938, nígbà ìjọba Hitler, ọdún tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀, ká sòótọ́.

Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ó làágùn kó tó gbọ́ ọ. Ó ti ṣe fíìmù Intermezzo lédè Swídìn ní 1936, ipa ọmọbìnrin tó ń tẹ dùùrù. Nígbà tí David Selznick, aṣagbátẹrù fíìmù ní Hollywood, ní kó wá tún un ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1939, ipa yẹn kan náà ló gbà. Wọ́n fi Ruth Roberts tì í láti máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀, obìnrin náà sì bá a lọ láti fíìmù dé fíìmù. Síbẹ̀, ohùn Swídìn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú Casablanca, ará Norway ni wọ́n pe ẹni tó ṣe, ohùn bá ipa mu rẹ́gí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú For Whom the Bell Tolls, wọ́n gẹ irun rẹ̀, wọ́n ní ọmọ Spéènì ni. Irun jọ ọ́, ẹnu kò jọ ọ́. Wọ́n sì yan orúkọ rẹ̀ fún Oscar nítorí rẹ̀; èmi ò bá má yàn án.

Ní 1949 ó lọ bá Roberto Rossellini, olùdarí fíìmù, ní Ítálì, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn. Gbogbo èébú tí wọ́n bú u nítorí ìfẹ́ yẹn, títí dé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, kò kàn mí. Ohun tó kàn mí ni pé Rossellini kì í fẹ́ fún òṣèré ní ìwé eré tó pé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń fi èdè àjèjì ṣeré nílò ìwé ju onílé lọ. Àṣà Ítálì nígbà yẹn sì ni láti ya àwòrán ná, kí wọ́n tó fi ohùn sí i lẹ́yìn. Nínú ẹ̀dà tí àwọn ará Ítálì wò ní sinimá, ohùn obìnrin mìíràn ni wọ́n fi bo tirẹ̀. Ẹnu ń lọ lọ́tọ̀, ohùn ń lọ lọ́tọ̀.

Orí ìtàgé ló ti gba ohùn rẹ̀ padà. Eré olórin tí Arthur Honegger kọ orin rẹ̀, nípa Joan of Arc, akọni obìnrin Faransé tí wọ́n dáná sun, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn opera San Carlo, Naples, ní 1953. Joan kì í kọrin nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, nígbà tí akọrin àti onílù yí i ká. Ẹ fojú inú wò ó: orin kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí gbólóhùn kan bá gùn ní Ítálì tó sì kúrú ní Gẹ̀ẹ́sì, iye ìlù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí padà, àfi kí ẹnu yára tàbí kó fà. Ó ṣe é lédè Ítálì, ó ṣe é ní Faransé, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Swídìn. Ẹnu dùn ún rofọ́! Lẹ́yìn náà ló ṣe Tea and Sympathy lédè Faransé ní Paris ní 1956, àti Hedda Gabler níbẹ̀ ní 1962. Lórí ìtàgé, kò sẹ́ni tó máa yáni lóhùn.

Oscar kẹta rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nínú Murder on the Orient Express (1974), Sidney Lumet tó darí fíìmù náà fẹ́ fún un ní ipa ọmọ ọba, òun ní míṣọ́nnárì ará Swídìn lòun fẹ́, obìnrin tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nípa àwọn ọmọ Áfíríkà láìmọ̀ pé ẹ̀gàn ni. Lumet jẹ́ kí kámẹ́rà máa yí fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún láìgé e. Ẹni tó ti fi ọdún márùndínlógójì tún Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe wá jókòó, ó ń fọ́ ọ mọ́ọ́mọ̀: ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń rí i, ó tún ń sọ ọ́ nù.

Fíìmù Autumn Sonata, 1978, ló mú un padà sí èdè ilé, ó sì tún jókòó sídìí dùùrù bíi ti 1936, àmọ́ ìyá ni báyìí. Ó ń ṣàlàyé fún ọmọ rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ orin Chopin. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má ka ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán ná. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn yẹn, kí ẹ sì máa wo ojú Liv Ullmann tó ṣe ọmọ náà.