Èrò ọkàn mi: ìwé àṣẹ ìbọn Georgia kò mọ ọ̀nà Newark

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí mo wọ bàálù lọ sí Èkó ní ọdún tó kọjá, ìyàwó mi dorí báàgì àgbékọ́yìn mi kodò kí ó lè gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, ni nǹkan kan bá já bọ́ sílẹ̀, ó sì yí gbirigbiri lọ sí abẹ́ fìríìjì. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ wọ́ ọ jáde, ọta ìbọn kan ṣoṣo ni, kò gùn ju oríkèé ìka lọ. Báàgì yìí ni mo máa ń gbé lọ sí ibi ìdánrawò ìbọn yíyìn ní ọjọ́ Sátidé. Ọta náà ti gba ibi tí aṣọ inú rẹ̀ ti ya wọlé, ó sì ti ń bá mi kiri láti ìgbà tí n kò mọ̀. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí ni.

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bẹnu àtẹ́ lu ẹni tí ó ní ìbọn. Èmi náà ní ìbọn ìléwọ́ kan, mo rà á lọ́nà òfin, mo sì ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ Georgia tí mo ń gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni òfin ìpínlẹ̀ náà ti gbà kí ẹni tí kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn gbé ìbọn láìní ìwé kankan. Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni ó ń tàn wá jẹ. Ohun tí a ń ṣe nílé tí ẹnikẹ́ni kò bi wá, a rò pé yóò bá wa dé ibi gbogbo bí orúkọ bàbá wa, bẹ́ẹ̀ ìwé àṣẹ ìbọn kò rí bí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò bá lè sọ òfin gbogbo ibi tí yóò gbà kọjá àti ibi tí yóò sùn láìwo ìwé, kí ó fi ìbọn rẹ̀ sílé.

Ẹ wo ìrìnàjò tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa: a ó gbéra ní Atlanta, ó di New Jersey tàbí New York, nítorí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Bí ẹnì kan bá ní kí a ṣọ́ra, ẹni tó gbọ́n jù láwùjọ yóò ní òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1986 ń dáàbò bò wá. Òfin náà wà lóòótọ́. Ó ní kí a yọ ọta kúrò nínú ìbọn, kí ìbọn àti ọta sì wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ kò ti lè tó wọn. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní búùtù tí a yà sọ́tọ̀, inú àpótí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì ni kí wọ́n wà, ihò iwájú ọkọ̀ tí a ń kó ìwé ọkọ̀ sí àti àpótí àárín ìjókòó méjèèjì kò sì ka sí àpótí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé o gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìbọn náà níbi tí o ti gbéra àti níbi tí o ń lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa kì í kà dé. Bí òpin ìrìnàjò rẹ bá jẹ́ Brooklyn, níbi tí ìwé àṣẹ Georgia kò ti já mọ́ nǹkan kan, òfin 1986 kò gbà ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ agádágodo 10 ni o fi ti àpótí rẹ.

Ní ọdún 2013, obìnrin kan tí ó ní ìwé àṣẹ Pennsylvania wakọ̀ wọ New Jersey. Ọlọ́pàá dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì fi òótọ́ inú sọ pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, ó kéré tán, ni ẹ̀sùn náà ìbá fà wá, kí Gómìnà Chris Christie tó dárí jì í ní ọdún 2015. Ti ọkùnrin ará Utah kan ni ó sì dùn mí jù. Ó ti tẹ̀lé òfin pátápátá, ṣùgbọ́n bàálù fi í sílẹ̀ ní Newark ní New Jersey ní ọdún 2005, ó gba ẹrù rẹ̀, ó sì sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí ó padà dé kọ́ńtà ní òwúrọ̀, tí ó sì sọ pé ìbọn wà nínú ẹrù òun bí òfin ti wí, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà nígbẹ̀yìn, ó sì pe àwọn tó mú un lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2010 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìbọn ti wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, nítorí náà òfin 1986 kò bò ó. Wọ́n ní ìbá ti lọ bá ọlọ́pàá pápákọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ta ni nínú wa ni yóò rántí ìyẹn ní aago mẹ́wàá alẹ́ pẹ̀lú ebi?

Ní ti bàálù fúnra rẹ̀, òfin ṣe kedere: ìbọn tí a ti yọ ọta rẹ̀, nínú àpótí líle tí a tì pa, tí a kéde ní kọ́ńtà, tí ó sì bá ẹrù abẹ́ bàálù lọ. Síbẹ̀ ìbọn 6,737 ni TSA, àjọ tí ń bójú tó ààbò pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, rí níbi àyẹ̀wò èrò ní ọdún 2023, ọta wà nínú iye tó ju 90 lọ nínú 100, tiwa ní Atlanta ni ó sì ṣíwájú gbogbo pápákọ̀ pẹ̀lú 451. Mo gbà pé ìgbàgbé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ń yẹ báàgì ọkùnrin kan wò níbẹ̀, ó nawọ́ sínú rẹ̀, ìbọn yìn, èrò sì tú ká kìjokìjo. Ìgbàgbé kò dín ariwo ìbọn kù.

Ẹ tún rántí ọta mi tó sá sábẹ́ fìríìjì. Ní ọdún 2024, ó tó ará Amẹ́ríkà 5 tí ó bọ́ sọ́wọ́ òfin ní erékùṣù Turks and Caicos nítorí ọta tí wọ́n ní àwọn gbàgbé sínú ẹrù ìsinmi, níbi tí ìjìyà rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 12, ó kéré tán, kí wọ́n tó tún òfin náà ṣe ní oṣù kẹfà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ ojú omi tirẹ̀ gba Florida lọ sí Bahamas: yóò ka ìbọn àti ọta rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún aṣọ́bodè, yóò tì wọ́n pa sínú ọkọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ gbé wọn sọ̀kalẹ̀ sí èbúté. Kódà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí, adágún Allatoona wà lábẹ́ ẹ̀ka oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Àwọn kan pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí òfin wọn tí kò gba ìbọn ọlọ́ta láìsí ìwé àyè, ilé ẹjọ́ kò sì gbà ní ọdún 2015 láti dá òfin náà dúró.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń gba àbúrò sílé. Òfin àpapọ̀ kò gbà kí ẹni tí ó wá pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ti ìbẹ̀wò tàbí ti ìkẹ́kọ̀ọ́, ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi àyè díẹ̀ bíi ti ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Bí o bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láti lọ ra búrẹ́dì, tí ìbọn rẹ sì wà lábẹ́ ìjókòó, ìwọ ni o ti i sínú ẹjọ́.

Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní Newark lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti pè mí pé kí n mú nǹkan yẹn dání nítorí ọ̀nà òru. Mo ní kó má bínú, agbádá àti ìyàwó mi nìkan ni mo ń mú bọ̀.